Ọdẹ Tó Ń Bẹ̀rù Ìbọn

Níbi ìsìn ìsìnkú bàbá àgbà mi, ẹni tó ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì dúró gbọn-in, ó ní akíkanjú ọdẹ ló lọ yìí, ọkùnrin tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù. Mo wo Ṣẹ́gun, àbúrò mi, òun náà wò mí. Díẹ̀ ló kù kí n dìde lórí àga kí n ní irọ́ lẹ ń pa mọ́ bàbá olóbàbá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí ẹni tó ń bẹ̀rù tó Bàbá. Ó ń bẹ̀rù ààrá. Ó ń bẹ̀rù ọ̀kadà. Ó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ débi pé ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gún ara rẹ̀ wò. Èyí tó wá pabanbarì ni pé ó ń bẹ̀rù ìbọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọdẹ ló fi rán àwọn bàbá mi níléèwé.

Ìjàn ni ìlú wa, Ọdẹ Ojo sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kì í bínú sí i. Bí àwọn ọmọdé bá ń ké e tẹ̀lé e lẹ́yìn, á dúró, á yíjú sí wọn, á ní, “Ojo ọ̀ún mà rèé o. Òun náà ló sin gbogbo akíkanjú ẹgbẹ́ rẹ̀.”

Èmi ni àkọ́bí nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ ni mí, Òkè-Ìlá ní Adó ni mò ń gbé. Lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà kú, a bẹ̀ ẹ́ títí kó wá máa bá mi gbé, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní mọ́tò Adó pọ̀ jù, àwọn tó ń wà á kò sì mọ̀ ọ́n wà. Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ sí Ìjàn ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Mi ò lè sọ ìtàn rẹ̀ tán, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ tán. Ẹ̀rù rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé òun ló jẹ́ kí n ṣì wà láàyè.

Ìbọn tó lò di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ jẹ́ ráífù kékeré kan, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń gba ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Igi ìdí rẹ̀ ti ń dán nítorí pé ọwọ́ ti pẹ́ lára rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń bójú tó igbó ọba láyé àtijọ́ ló fi ta bàbá rẹ̀ lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ìbọn náà ní ìwé àṣẹ. Bí àkókò bá tó láti tún ìwé náà ṣe ní àgọ́ ọlọ́pàá, Bàbá á gbààwẹ̀, á wọ aṣọ tó fi ń lọ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, á sì ní kí n tẹ̀lé òun kí n lè bá òun sọ òyìnbó. Wọn ò bi í ní ohunkóhun rí ju orúkọ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí a bá ti jáde báyìí, á jókòó sábẹ́ igi, á ní kí n jẹ́ kí àyà òun kọ́kọ́ wálẹ̀ ná.

Nínú ilé, òfin ìbọn náà le ju òfin Mósè lọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń yọ ọta kúrò kó tó gbé e wọlé. Bó bá wọlé tán, á tún ṣí i wò, á ní kí Ìyá Àgbà náà yẹ̀ ẹ́ wò, bí àlejò bá sì wà níjòókòó, àlejò náà á bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá ìjọ kan wá kí i. Wọ́n ń ṣe àwàdà, ni bàbá ìjọ bá mú ìbọn níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí, ó nà án sí mi, ó ní, “Pòó!” Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, Bàbá ti gbá ẹnu ìbọn sókè, ó sì ti fi ọwọ́ kejì gbá bàbá ìjọ létí.

Ọ̀rọ̀ di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kó wá tọrọ àforíjì níwájú ìjọ, ó sì lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń rìn lọ síwájú. Ó ní kí wọ́n dárí ìgbátí jin òun, òun jẹ̀bi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹni tó gbá létí, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ùbọn tó ṣófo ló ń pa ọmọ ulé.”

Ìyá Àgbà kò gba gbogbo eléyìí gbọ́. Ó ní ọdẹ lòun fẹ́, òun ò mọ̀ pé ẹran ni yóò máa dẹ ọkọ òun. Àìmọye ìgbà ni Bàbá ń ti igbó bọ̀ lọ́wọ́ òfo, tí kì í ṣe pé kò rí ẹran. Á ní nǹkan kan mi ewé, nǹkan náà ga tó ẹtu, ó sì dúró gan-an níbi tó yẹ kí ẹtu dúró, ṣùgbọ́n òun ò yìnbọn. Ìyá Àgbà á pàtẹ́wọ́ yíká orí, á ní, “Ẹ gbọ́, ẹran ga tó ẹtu, ó dúró bí ẹtu, kí lẹ wá rò pé ó jẹ́? Bíṣọ́ọ̀bù?” Ìjà náà a máa gbóná gan-an, nítorí pé ebi ń bẹ níbẹ̀. Bàbá kì í jiyàn. Á kàn fọwọ́ nu ìbọn rẹ̀, á ní, “Mi ò rí orí rẹ̀. Ohun tí mi ò bá rí orí rẹ̀, mi ò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá fún mi, lọ́jọ́ tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ní ìbọn ńlá kan tí gbogbo ọdẹ Ìjàn fi ń yangàn. Bó bá dún, wọ́n á gbọ́ ọ ní ìlú kejì. Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ yìn ín, ìdí ìbọn náà gbá a lulẹ̀, egungun èjìká rẹ̀ sì ṣẹ́. Èjìká jinná, ṣùgbọ́n ojú kò jinná. Láti ọjọ́ náà, bí ìka rẹ̀ bá ti kan ibi tí wọ́n ń fà kí ìbọn dún báyìí, ojú rẹ̀ méjèèjì á pa dé fúnra wọn, nítorí pé ara ti mọ ohun tó ń bọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ọdẹ, ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun ń dijú yìnbọn? Ó sì ń rí ẹran pa bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọta wẹ́wẹ́ ìbọn ńlá a máa fọ́n ká, kò sí bí kò ṣe ní ba nǹkan kan.

Ó wá di ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ọdẹ pagbo yí igbó kan ká. Ajá rẹ̀, Tanímọ̀la, lé ọ̀yà kan jáde. Bàbá nàbọn, ojú pa dé, ìbọn dún. Nígbà tó lajú, ọ̀yà ti lọ, ajá ló sùn sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dúró lẹ́yìn ibi tí ajá ṣubú sí, ó di ṣòkòtò ara rẹ̀ mú, ó ń wo àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lu sí etí ṣòkòtò náà. Ọta ti gba ibẹ̀ kọjá láìkan ẹran ara rẹ̀. Bàbá bì sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ náà ló dá ìbọn ńlá padà fún ọ̀gá rẹ̀, tó lọ gbé ráífù kékeré tí bàbá rẹ̀ fi há àjà, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní ìbọn ẹyẹ. Ó ní ó gbà tó ọdún kan gbáko kí ojú òun tó gbà pé ìbọn yìí kò ní gbá òun, kí ó tó dúró ní lílà. Mo bi í bóyá ó sunkún ajá rẹ̀. Ó ju ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú agbada, ó ní, “Nígbà tí mo lajú, mi ò wo ajá. Ènìyàn ni mo ń kà.”

Ẹni tó ń bẹ̀rù ìbọn yìí náà ni wọ́n wá ń wá kiri pé kó bá wọn yan ìbọn. Láti Ìgèdè ni o, láti Adó ni o, bí ẹnìkan bá fẹ́ ìbọn tó ń lọ síbi tí ojú bá rán an, tí kì í sì í gbá èjìká, èyí tó tọ́ sí ẹran kéékèèké àti ẹran tí kò tóbi púpọ̀, wọ́n á ní kó lọ rí Ọdẹ Ojo. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í yí padà: “Kí lo fẹ́ pa?” Bí onítọ̀hún bá ní ehoro ni, tàbí ọ̀yà, tàbí ẹtu, tó sì gbé ìbọn ràgàjì kan dání, Bàbá á wo ìbọn, á wo ọkùnrin náà, á ní, “Ehoro ọ̀ún gbé àdá ni?” Ó ní ìbọn ńlá kì í pa ehoro, ńṣe ló ń lọ̀ ọ́, ìyàwó ẹni á wá máa ṣa ọta nínú ọbẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Kì í wo bí ìbọn ṣe ń dán. Á ní kí ẹni náà dijú, kó gbé ìbọn lé èjìká, kó wá lajú. Bí ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ọ̀pá ìbọn gan-an láìjẹ́ pé ó ń wá a, ìbọn náà bá ara rẹ̀ mu. Bó bá ń na ọrùn kiri, kó dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Lẹ́yìn náà ni Bàbá á gba ìbọn, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á ṣe bí ẹni tó ń ki ọta sínú rẹ̀, á sì gbé e fún ọkùnrin náà pé kó yìn ín mọ́ ìdí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé. Nígbà mìíràn ọta wà níbẹ̀, nígbà mìíràn kò sí, òun nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí ni àṣírí ń tú. Ìbọn á kàn dún kẹ́, kò ní gbá ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ á ti dorí kọlẹ̀, ojú ọkùnrin náà á ti pa dé, ọrùn rẹ̀ á ti wọ inú èjìká lọ.

Mo rántí agbaṣẹ́ṣe kan láti Adó, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, tó gbé jíìpù wá. Nígbà tó yin ìbọn tí kò ní ọta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ìbọn gbẹ́lẹ̀. Gbogbo àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, títí tí omi fi jáde lójú mi. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Kì í rẹ́rìn-ín níbi ìdánwò yẹn. Ó fún ọkùnrin náà lómi mu, ó ní kó lọ wá ìbọn fúyẹ́ tí ìdí rẹ̀ kò le, kó máa yìn ín díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á padà gbà. Ọkùnrin náà ní, “Bàbá, ẹ̀rù ò bà mí o.” Bàbá mú un lọ́wọ́ bí ẹni mú ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lajú bẹ̀rù ni mo sọ.”

Láàárín ọdún mélòó kan tó kọjá, ẹ̀rù tí Bàbá nìkan ń dá bà di ti gbogbo wa. Àwọn ajínigbé ń jáde láti inú igbó, wọ́n ń kó èrò lójú ọ̀nà, wọ́n ń kó àgbẹ̀ nínú oko. Oko tó jìnnà di ilé àwọn ọ̀bọ, iṣu sì ń jẹrà sínú ebè nítorí pé ẹni tó ni ín kò jẹ́ lọ wú u. Ní gbogbo Sátidé, bí takisí bá ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn ní Adó, ọ̀rọ̀ á pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Obìnrin kan á máa kọ orin ìyìn wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí kí n lè tètè bọ́ sílẹ̀. Mi ò ní gbé ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn náà títí màá fi rí òrùlé àkọ́kọ́ ní Ìjàn. Bí mo bá ti wọlé, Bàbá á fọwọ́ kàn mí lórí, léjìká, lápá, kó tó kí mi káàbọ̀.

Àwọn ọdẹ ìlú ṣèpàdé, wọ́n ní kí àwọn géńdé wá máa ṣọ́ oko àti ọ̀nà. Ṣẹ́gun, àbúrò mi, tó ń dá oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ Bàbá, wà lára wọn. Ó lọ ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì ní Adó, ìbọn tó wúwo tó odó. Bàbá ní kó jẹ́ kí òun gbé ráífù òun fún un. Ṣẹ́gun fi í rẹ́rìn-ín. Bàbá ní ó dáa, kó wá yin tirẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Ó gba ìbọn, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó gbé e fún un. Kẹ́. Kò sí ọta níbẹ̀, àbúrò mi sì ti dijú, ó dijú pa.

“Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn,” Ṣẹ́gun ní.

“Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ajá mi kú,” Bàbá dá a lóhùn.

“Bàbá, àwọn tó ń bọ̀ wá ká wa mọ́ kì í ṣe ọ̀yà! Ìbọn ẹyẹ lẹ fẹ́ kí n gbé lọ pàdé wọn?”

“Mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀yà. Ìdí rẹ̀ tí mo fi ní kí o lajú nìyẹn.”

Ṣẹ́gun fi ìbínú gba ìbọn rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀rù yín yìí ni wọ́n máa fi kó gbogbo wa tán.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo rò ó nínú ara mi pé ó tọ̀nà. Ẹ̀rù ń ba èmi náà débi pé ìbọn tó tóbi jù láyé ni mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá dé, èmi ni wọ́n máa ń rán sí ara wọn nínú ilé kan náà. Síbẹ̀, ní gbogbo òwúrọ̀ tí Ṣẹ́gun bá ń lọ sóko, Bàbá á mú ọ̀pá rẹ̀, á tẹ̀ lé e lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, wọ́n á sì jọ jókòó nínú ahéré títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ ní ẹ̀ ń bá a jà, ẹ tún ń tẹ̀ lé e kiri? Agbára ẹsẹ̀ yín ha gbé oko mọ́ bí?” Ó ní, “Mi ò tẹ̀ lé òun. Ùbọn rẹ̀ ni mò ń lọ ṣọ́.”

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, oòrùn kò tíì wọ̀. Takisí wa ti kọjá ìdajì ọ̀nà dáadáa nígbà tí ọkọ̀ kan fi ẹ̀yìn sáré bọ̀ láti iwájú, awakọ̀ rẹ̀ yọ orí síta, ó ń ké pé, “Wọ́n wà níwájú! Ẹ sá o!” Awakọ̀ wa kò lè yí ọkọ̀ padà. Ó ṣílẹ̀kùn, òun gan-an ló kọ́kọ́ sá. Kálukú bọ́ sínú igbó. Mo gbọ́ ìbọn lẹ́yìn wa. Mo sáré, bàtà mi bọ́, ẹ̀gún ń ya aṣọ mi, mi ò dúró. Mo mọ̀ pé oko wa wà ní apá ọ̀tún, lódìkejì odò kékeré kan. Nígbà tí mo la odò náà kọjá, mi ò lè nàró mọ́, mo ń rá kòrò nínú koríko tó ga jù mí lọ.

Ní Ìjàn, òfin ọdẹ ni pé a kì í yìnbọn sí igbó tó ń mì láìbéèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ta nì yẹn. Bó bá jẹ́ ènìyàn, á dáhùn. Òfin tó dára ni, àwọn bàbá ńlá wa ló ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọn ò mọ̀ pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ọmọ ènìyàn á máa sá fún ohùn ènìyàn nínú igbó.

“Ta nì yẹn?”

Ohùn ọkùnrin ni, ó nípọn, ó sì súnmọ́ mi. Ṣẹ́gun ni, ọmọ ìyá mi, ẹni tí mo pọ̀n dàgbà. Mi ò dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀rù ti yí ohùn òun padà, ó sì ti dí èmi létí. Mo rò pé àwọn ajínigbé ló ti yí mi ká. Mo dojú bolẹ̀, mo fi eyín di aṣọ mi mú kí n má baà sunkún síta.

“Ta nì yẹn?”

Mi ò dáhùn. Èèrà ń gun apá mi, mi ò lè gbọn ọ́n dànù.

“Mo ní ta nì yẹn?”

Mi ò dáhùn. Mo bẹ Ọlọ́run kí wọ́n lọ, mi ò mọ̀ pé òfin ti pé, pé kò sí ohun tó tún kù láti béèrè.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kejì. Ohùn arúgbó ni, ó ń gbọ̀n, ó sì ń kígbe, bẹ́ẹ̀ Bàbá kì í kígbe. “Àbẹ̀kẹ́ ni?” Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú koríko. “Àṣàkẹ́ ni?” Oríkì àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń pè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń pè wá wá jẹun. Ẹsẹ̀ náà ń súnmọ́ mi. “Àjíkẹ́ ni?” Èmi ni Àjíkẹ́. Mo fẹ́ dáhùn, ẹnu mi kò là. Ó tún un pè, “Àjíkẹ́ mi ni?” Mo gbé orí sókè, mo rí bàtà rọ́bà rẹ̀, mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò mú nǹkan kan dání, àní kò mú ọ̀pá.

“Èmi ni, Bàbá.”

Kò yíjú padà. Ó dúró bó ṣe dúró, ó kígbe sẹ́yìn pé, “Ṣẹ́gun! Ọmọ wa ni! Gbé ùbọn sílẹ̀! Ṣé o ti gbé e sílẹ̀?” Ohùn Ṣẹ́gun dáhùn pé òun ti gbé e sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ Bàbá kọ̀ láti gbé e, ó jókòó lulẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú koríko. Ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, mo dì mọ́ ọn.

Nígbà tí a délé, tí àwọn ọdẹ yòókù ti lọ wo ojú ọ̀nà, mo bi í pé, “Bàbá, ká ní àwọn ajínigbé ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù wọn ò bà yín?” Ó di ife omi mú lọ́wọ́ méjèèjì, omi náà sì ń dà sílẹ̀ bó ṣe ń gbé e sẹ́nu. Ó ní, “Ti iwájú bà mí díẹ̀. Ti ẹ̀yìn ló bà mí jù.” Mo rò pé àwọn tó wà lójú títì ló ń sọ, mi ò bi í mọ́.

Ṣẹ́gun ta ìbọn ẹlẹ́nu méjì náà kó tó di Sátidé kejì. Òun àti Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí mo bá dé, màá bá wọn nídìí ọ̀pẹ lẹ́yìnkùlé, Bàbá á kọ ẹ̀yìn sí i, á gbé ráífù kékeré fún un, ọta wà níbẹ̀ àbí kò sí, Ṣẹ́gun kò mọ̀. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí Ṣẹ́gun fi dẹ́kun dídijú. Nígbà òjò tó kọjá yìí ni Bàbá sùn tí kò jí. Kò sí àìsàn tó pẹ́, kò sí ariwo, ààrá kò sán lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí èrò ti túká, mo bá Ṣẹ́gun lẹ́yìnkùlé, ó ń fi òróró nu ráífù Bàbá. Ó fẹ́ gbé e lọ síbi ìṣọ́ lọ́la. Mo ní kó má lọ. Ó ní bí òun kò bá lọ, ta ni yóò lọ? Ó gbé ráífù náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, “Àǹtí, ọ̀rọ̀ kan wà tí Bàbá ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín nígbà tí òun bá ṣì wà láyé.”

Mo jókòó sórí odó.

“Ọjọ́ tí ẹ wà nínú igbó yẹn, mo ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo nàbọn. Mo ti gbé ìka lé e, Àǹtí. Mo ti dijú.”

Mo yíjú sí ìdí ọ̀pẹ.

“Bàbá kò wo igbó rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú mi lòun ń wò. Bí ojú mi ṣe pa dé ló bọ́ síwájú ìbọn. Ẹni tó dijú kò lè rí òun náà, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi kígbe nìyẹn. Mo gbọ́ ‘Àbẹ̀kẹ́ ni?’ níwájú ẹnu ìbọn gan-an, òun ló jẹ́ kí n lajú.”

Mo bi í pé kí ló rí.

“Ẹ̀yìn Bàbá ni. Aṣọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ìbọn. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, Àǹtí, kò sì yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó ń fi ẹ̀yìn bo ẹnu ìbọn mi títí tó fi dé ọ̀dọ̀ yín.”